Ẹ Bi Bàbá Gáàdì: Ìlú ló ṣáájú rélùwéè dé Àbújá

Oṣù tó kọjá, mo fi ìlà mẹ́ta péré dárúkọ ojú irin Àbújá ní ìsàlẹ̀ abala yìí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àṣé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn. Lẹ́tà tí olóòtú kó fún mi kò gba inú àpò bùbá mi. Báàgì ọjà ni ọmọ mi fi kó o wá bá mi ní Kubwa. Mo ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí agbára mi ká nìyí. Ẹni tó bi mí bóyá iṣẹ́ wà ní rélùwéè fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbé fèrè àti àsíá gáàdì sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ mí níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì tán.

"Bàbá Gáàdì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ní kí ọmọ mi kọ ọdún tí wọ́n ṣí rélùwéè Àbújá wá. Mo ní 2018. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, pé 2024 ni, òun wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ kọ ti bàbá rẹ̀, tíṣà sì máàkì í. Ta ló jàre nínú wa? — Ìyá Àyọ̀, Lugbe."

Ìyá Àyọ̀, ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ má fi bú bàbá ọmọ yín, nítorí ohun tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n náà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Keje 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìdíkọ̀ Metro ní àárín ìlú, ó gba Idu, ó sì lọ já sí pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu tún un ṣí. Ilé kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe ìṣílé rẹ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, àti ohun tó ṣáájú wọn, ló yẹ kí tíṣà fi kọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bá a kọ́ ọ.

Kí Àbújá tó ní títì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Èkó ni olú-ìlú nígbà náà, Èkó sì ti há. Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Adájọ́ Akinola Aguda jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n wò ó bóyá Èkó ṣì lè máa jẹ́ olú-ìlú lọ. Àbọ̀ wọn ló bí òfin ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976 tó dá agbègbè olú-ìlú tuntun sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un, ọwọ́ ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí ni wọ́n ti gbà á. Nígbà tí mo wọṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Àbújá, Suleja ló ń lọ. Ní 1979, àwọn ayàwòrán ìlú tí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn ń jẹ́ International Planning Associates parí ètò ìlú, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní másítà-pílàànù, tí wọ́n sì ń tọ́ka sí nígbàkígbà tí kátàpílà bá fẹ́ wó ilé ẹnìkan. Nínú ìwé yẹn, wọ́n ti ya àyè sọ́tọ̀ fún ọ̀nà ọkọ̀ tí yóò máa kó èrò rẹpẹtẹ gba àárín ìlú kọjá.

Àyè wà. Ọkọ̀ ni kò sí.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó wá síbí. Akọ̀wé tẹ̀lé wọn, kápẹ́ńtà tẹ̀lé wọn, ìyá olóúnjẹ tẹ̀lé akọ̀wé àti kápẹ́ńtà. Ó di oṣù Karùn-ún 2007, tí ìjọba Obasanjo ń palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ojú irin náà fún àwọn ará Ṣáínà tí a mọ̀ sí CCECC. Kìlómítà 60.67 ni àdéhùn, owó rẹ̀ jẹ́ $841.6 mílíọ̀nù. Nígbà tó yá, wọ́n gé e kúrú sí kìlómítà 45.245, owó sì di $823.5 mílíọ̀nù. Mo ka ìlà yìí sétí ìyàwó mi tó ń ta èlùbọ́. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní, "Wọ́n bu kóńgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú ọgọ́ta, wọ́n wá yọ kọ́bọ̀ díẹ̀ nínú owó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ṣe ìṣirò rẹ̀: kìlómítà kan tí ì bá jẹ́ nǹkan bí $13.9 mílíọ̀nù di nǹkan bí $18.2 mílíọ̀nù. Ó lè nídìí, torí nǹkan ń gbówó lórí lọ́dọọdún tí iṣẹ́ bá fi falẹ̀, ìdíkọ̀ àti afárá kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi kìlómítà díwọ̀n. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni ìyàwó mi, kò gbà.

Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Báńkì Exim ti Ṣáínà yá ìjọba ní $500 mílíọ̀nù nínú owó náà. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ìdíkọ̀ méjìlá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ wọ́n sílẹ̀ kí tíṣà lè rí i pé ó sapá: Metro, Stadium, Kukwaba kìíní, Kukwaba kejì, Wupa, Idu, Bassanjiwa àti Airport ní apá kan, láti Idu, ojú irin kejì yà sí Gwagwa, Dei-Dei, Kagini àti Gbazango tó wà ní Kubwa lọ́dọ̀ tèmi níbí. Idu ni ìkóríta.

Ẹ̀yin náà rántí 2018. Ọkọ̀ tó ń rìn kò pọ̀, ìrìnàjò ojúmọ́ kò tó nǹkan, ẹni tó bá pàdánù èyí tó lọ láàárọ̀ lè padà sílé lọ sè ẹ̀bà kó tó kan òmíràn. Àwọn tí mo rí nínú rẹ̀, ìdajì wọn ń ya fọ́tò. Kò tíì di ọkọ̀ ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, wọ́n ní kó dúró, ó sì dúró. Kòrónà lọ, kò rìn. Ó di ìgbà tí Nyesom Wike di mínísítà Àbújá ní 2023 kí wọ́n tó mú un ní kánkán, tí wọ́n tún ojú irin àti ìdíkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì la ọ̀nà mọ́tò dé ẹnu ìdíkọ̀ tó ti wà láàárín igbó tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣí, mínísítà ní kí ará ìlú wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù méjì. Ààrẹ ní kí wọ́n fà á dé ìparí ọdún. Ohun tí bàbá Àyọ̀ wò lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

"Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ohun tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá pé ti Àbújá ni rélùwéè inú ìlú àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ Èkó ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Lọ́kọ́ja. Bàbá ìyá mi máa ń sọ fún wa nípa ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń gba Ìsàlẹ̀ Èkó kọjá láyé òyìnbó. — Ọmọ Èkó Gidi."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹnu mi ló yá jù. Ní 1902 ni ìjọba òyìnbó ti gbé ọkọ̀ ojú irin onínà kékeré, tí wọ́n ń fi oru omi gbígbóná wà, gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ Erékùṣù Èkó. Èrò ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kó. Nígbà tó yá, ó di ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gbin ìlú lọ dànù, iṣẹ́ yẹn ló sì ń ṣe títí wọ́n fi pa á tì ní 1933. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwa gáàdì àtijọ́ kì í fi í fi í yangàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá tún ọ̀rọ̀ mi sọ: nínú àwọn tí a ń wọ̀ láyé òde òní, ti Àbújá ló ṣáájú. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina lọ sí Mile 2. Síbẹ̀, ká ní ayé gún régé ni, Èkó ì bá ti ṣáájú wa tipẹ́. Lateef Jakande ti gbé iṣẹ́ métrò síta ní 1983 nígbà tó jẹ́ gómìnà. Ológun gbàjọba ní ìparí ọdún yẹn, ìjọba Ọ̀gágun Buhari sì fagi lé e ní 1985. Ọmọ Èkó, ẹ wo iṣẹ́ ayé: ọwọ́ Buhari kan náà ló wá ṣí ti Àbújá ní 2018, òun náà ni wọ́n tún pè wá ṣí ti Èkó ní oṣù Kìíní 2023. Mo máa ń rò ó bóyá ọkàn rẹ̀ lọ sí ti Jakande bó ṣe mú síkísọ̀ dání níbẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Gwagwalada. Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní rélùwéè fífúyẹ́? Mo wò ó, kò fúyẹ́ lójú mi. — Akẹ́kọ̀ọ́."

Ọmọ mi, ojú rẹ ríran. Ohun tí wọ́n ń pè ní fífúyẹ́ kì í ṣe ìwọ̀n irin, iṣẹ́ tó ń ṣe ni. Ọkọ̀ wúwo ni èyí tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn, tó ń fa ẹ̀pà, màlúù, sìmẹ́ńtì àti epo. Èyí tó fúyẹ́, inú ìlú ló ń gbé, èrò nìkan ló ń kó, kò sì pẹ́ tó fi ń dúró. Ní Addis Ababa, níbi tí wọ́n ti ṣí tiwọn ní 2015, iná mànàmáná ló ń wà á, wáyà wà lókè rẹ̀ bíi ti òpó iná. Ti Marina sí Mile 2 náà, iná ni. Dísù ni tiwa ń mu. Bí o bá dúró létí rẹ̀ tó bá ń gbéra, ìró rẹ̀ dà bíi ti jẹnẹrétọ̀ báńkì.

Ohun míì tí kò jẹ́ kó fúyẹ́ lójú rẹ ni fífẹ̀ rẹ̀. Mílímítà 1,435 ló wà láàárín irin méjèèjì, ìwọ̀n kan náà tí ojú irin tó lọ sí Kaduna fi ṣe. Ti àtijọ́ tí mo fi jẹun, 1,067 ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ tí kò pé yẹn ló fi jẹ́ pé kò sí kọ́ọ̀ṣì kan nínú gbogbo èyí tí mo bá ṣiṣẹ́ láti Èkó dé Kano tó lè wọ Idu láéláé. Òyìnbó ló yan èyí tó há nítorí owó: ibi tó há kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ó sì rọrùn láti yí òkè po. A ti ń jẹ gbèsè ìṣọ́wóná yẹn láti 1896.

"Bàbá, ẹ ń fi rélùwéè yangàn. Èmi ń gbé Mararaba, mo ń ta aṣọ ní Wuse. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jáde, aago méje ààbọ̀ ni mò ń bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya. Ta ni wọ́n ṣe rélùwéè yín fún? — Aláṣọ Mararaba."

Mo ti gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta kí n tó lè dá a lóhùn, nítorí òun gan-an ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí rélùwéè àtijọ́ ṣe rìn. Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà wa, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà náà kò tíì sí afárá lórí Ọya; inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń ti rélùwéè sí kó tó sọdá, títí di 1916 tí afárá parí. Ojú irin kejì ti gbéra láti Baro lọ sí Kano láàárín 1907 sí 1911, àwọn méjèèjì sì pàdé ní ìtòsí Minna. Bàbá mi gbé obì wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà, ó di Zaria, ibẹ̀ ló ti bí mi. Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí, ibẹ̀ ni ẹnìkan á ti gbé ìkòkò kaná, ẹlòmíì á pa àgọ́, ọdún mẹ́wàá ò ní í pé kó tó di Sábó. Kafanchan tí mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin, ìkóríta rélùwéè ló sọ ọ́ di ìlú. Ogbómọ̀ṣọ́ tí rélùwéè kò tilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, òun ló kó ọmọ rẹ̀ kún Òkè-Ọya. Rélùwéè ló ṣáájú, ìlú ló tẹ̀lé e.

Ní Àbújá, ìlú ló ṣáájú. Àyè ọkọ̀ wà lórí ìwé láti 1979, àwọn èèyàn kò dúró dè é. Ilé ọlọ́lá gba àárín ìlú, tálákà sì wá ibi tí owó ilé ti rọjú: Nyanya, Karu, Mararaba. Nígbà tí irin máa fi dé, àádọ́ta ilé ló wà níbi tí a nílò ìdíkọ̀ sí, àwọn tó ni wọ́n á sì gba owó gbà-máà-bínú. Lápá Idu àti pápákọ̀ òfurufú, ilẹ̀ ṣófo. Èrò tèmi ni èyí o, kò sí ìwé ìjọba tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ojú irin náà gba ibi tí kò ti sẹ́ni tó máa bá a jà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ lọ dúró ní Bassanjiwa, kí ẹ ka orí èèyàn tó wà níbẹ̀. Kí ẹ wá lọ dúró lábẹ́ afárá Nyanya.

Ọ̀rọ̀ ààlà tún wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ olú-ìlú ló ni rélùwéè yìí. Mararaba tiyín, ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá ni gbogbo yín ń jí lọ. Ẹni tó ń sun ilé onílé tó ń jẹun nílé ẹlòmíì, ó máa ń ṣòro kó tó rí ẹni tí yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ètò tí wọ́n yà ní ìbẹ̀rẹ̀ gùn tó kìlómítà 290, ìpele mẹ́fà. 45 péré la ní. Èmi ò lè fi ẹnu mi ṣèlérí fún yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi ní 2007, Nyanya ni mo ti máa kọ́kọ́ na ọwọ́ sí, kí pápákọ̀ òfurufú ṣì dúró ná. Ẹni tó ń wọ bàálù ní mọ́tò.

"Bàbá Gáàdì, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n jí irin rélùwéè tú? Báwo lèèyàn ṣe ń jí irin tó wúwo báyẹn? — Bísọ́lá, Dei-Dei."

Òótọ́ ni, Bísọ́lá. Láàárín 2020 sí ìgbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n tú u bí ẹni tú adìẹ. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ọ̀pá irin fúnra rẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọrùn ni wọ́n ń mú. Irin náà sùn lórí sílípà, ìyẹn ìdábùú kọnkéré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni irin kékeré kan tó ká kóró bí ọwọ́ agboòrùn, kílíìpù la ń pè é. Òòlù kan ti tó láti fi gbá a yọ, àpò sìmẹ́ńtì kan sì gba púpọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáyà kọ́pà tó ń gbé àmì fún dírẹ́bà, torí ọjà kọ́pà yá. Nígbà tí kílíìpù bá ti lọ, ọ̀pá irin gan-an di ohun tí ayùn lè gé sí wẹ́wẹ́. Ó ń délé onírin àlòkù, wọ́n ń gbé e lé ìwọ̀n.

Gbogbo ènìyàn ló ń sáré na ìka sí baban bola tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò. Mi ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ike àti agolo ni wọ́n ń ṣà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó ra ọ̀pá irin rélùwéè tó mọ̀ pé ọ̀pá irin rélùwéè ni, òun ni kí wọ́n bá mi wá.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí. Láyé tiwa, gáńgì, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ojú irin, máa ń fẹsẹ̀ rìn ín láràárọ̀, wọ́n á mú òòlù gígùn dání, wọ́n á máa lu irin bí wọ́n ṣe ń lọ. Etí wọn ló ń sọ fún wọn èyí tó ti tú. Kílíìpù márùn-ún tẹ̀léra wọn bá kúrò, ìwúwo ọkọ̀ á ti ọ̀pá irin síta, 1,435 á máa fẹ̀ sí i títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á fi bọ́ sí àárín. A kì í fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí: ọkọ̀ tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni ọlọ́dẹ tó dára jù. Olè tó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú sí i, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà fún ọdún mẹ́rin, oko tí kò ní olówó ni. Ọjọ́ tí wọ́n ti dá a dúró tí wọn kò sì gbé ọkọ̀ òfìfo kan kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ lórí rẹ̀ ni olè ti jẹ ẹ́.

"Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bà mí. — Ìyá Rúkà, Jabi."

Ìyá Rúkà, ẹ má pa ìran méjì pọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n kọlù ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, ti Àbújá sí Kaduna ni. Ojú irin tiẹ̀ jẹ́ kìlómítà 186.5, láti Idu dé Rigasa ní Kaduna, igbó ló sì gbà kọjá. Àjọ rélùwéè Nàìjíríà ló ni ín. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló tó tún padà rìn. Ti inú ìlú yìí, òun àti ti Kaduna kàn pàdé ní Idu ni, bí ẹni méjì tó ń pọnmi nínú kànga kan náà.

"Bàbá, ṣé ó ṣì máa ń dún fàkàfìkì bíi ti ìgbà èwe wa ní Minna? — Ọmọ Ìdíkọ̀."

Rárá, ọ̀rẹ́ mi, ó sì dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wọ̀ ọ́ ní ọdún 2024, nígbà tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo jókòó létí fèrèsé ní Metro, mo di ojú mi, mo ń dúró dè é. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti òkè, ọkọ̀ ti gbéra, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé etí mi ti ń lọ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí. Fàkàfìkì yẹn kì í ṣe ohùn ọkọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pá irin kì í fara kan ara wọn. Wọ́n máa ń fi àlàfo kékeré sílẹ̀ láàárín méjì kí irin lè rí ibi nà sí nígbà tí oòrùn Òkè-Ọya bá mú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń já sínú àlàfo yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń kọrin fún wa. Ojú irin òde òní, iná ni wọ́n fi ń jó o pọ̀ mọ́ra. Àlàfo ti lọ, orin ti bá a lọ. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mi èjìká mi ní Bassanjiwa. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o? Ẹ ń sọ̀rọ̀." N kò mọ̀ pé mo ti ń fi ẹnu mi dún un.

"Ṣé mo lè gbé àpò ọ̀dùnkún wọ̀ ọ́ lọ sí pápákọ̀ òfurufú fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ láti Òkè-Òkun? — Kúnlé, Area 1."

Kúnlé, n kò rí kọ́ọ̀ṣì ẹrù kankan lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti àtijọ́ tí a máa ń gbé ewúrẹ́ àti kẹ̀kẹ́ sí. Ìjókòó èrò nìkan ni. Èyí tó bá gbà lórí itan rẹ ni kí o gbé; èyí tó kù, gbé e sínú tasí. Àti pé, ọ̀dùnkún Jos ni àbí ti Ọ̀fà? Bó bá jẹ́ ti Ọ̀fà, gba Kubwa kọjá ná.